Àmì Kékeré Tó Jẹ́ Lẹ́tà: Bí Èdè Uzbek Ṣe Ń Wọ Inú Kọ̀ǹpútà

Ní èdè Uzbek, ẹni tó bá pàṣẹ pé “ol” ń sọ fún ẹnì kejì pé kó gba nǹkan. Ẹni tó bá pàṣẹ pé “oʻl” ń sọ fún un pé kó kú. Àmì kan ṣoṣo tó wà ní èjìká lẹ́tà o ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Lójú ọmọ Uzbek, àmì yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́, kì í sì í ṣe àmì ìdánudúró tí ènìyàn lè fò. Ara lẹ́tà ni, bí àmì tó wà lábẹ́ ọ ṣe jẹ́ ara lẹ́tà lọ́dọ̀ wa. Kọ̀ǹpútà ni kò tètè gbà bẹ́ẹ̀, àìgbà rẹ̀ yìí ló sì fa púpọ̀ nínú wàhálà tí àwọn Uzbek ń rí tí wọ́n bá fẹ́ fi èdè ara wọn ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ.

Nǹkan méjì ló gbọ́dọ̀ pé kí a tó lè sọ pé kọ̀ǹpútà gbọ́ èdè kan. Àkọ́kọ́ ni kóòdù lẹ́tà. Ẹ̀rọ kò mọ lẹ́tà, nọ́mbà nìkan ló mọ̀, nítorí náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́mbà tí gbogbo ayé fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Èkejì ni ohun tí àwọn oníṣẹ́ sọ́fíwíà ń pè ní locale. Fáìlì kan ni, òun ló sì ń sọ fún ẹ̀rọ bí àwọn tó ń sọ èdè kan ní orílẹ̀-èdè kan ṣe ń to lẹ́tà wọn, bí wọ́n ṣe ń kọ ọjọ́ àti owó, ohun tí wọ́n ń pe oṣù, àti ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ wọn máa ń bẹ̀rẹ̀. Èdè Uzbek ní ìṣòro nínú méjèèjì, ìdí kan náà ló sì fà á: ìjọba yí ìkọ̀wé èdè yìí padà léraléra láàárín ìran mẹ́ta péré.

Ẹbí kan náà ni èdè Uzbek pẹ̀lú èdè Tọ́kì àti èdè Kazakh. Àwọn tó ń sọ ọ́ lé ní 30 mílíọ̀nù. Ibùjókòó rẹ̀ ni Uzbekistan, tí Tashkent jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn Uzbek pọ̀ ní àríwá Afghanistan, ní Tajikistan àti ní Kyrgyzstan pẹ̀lú. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ èdè wọn. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, ìjọba Sófíẹ̀tì mú lẹ́tà Látìn wá. Ní 1940, ìjọba kan náà pa Látìn tì, ó sì gbé Cyrillic, irú lẹ́tà tí àwọn ará Rọ́ṣíà ń lò, kalẹ̀. Lẹ́yìn tí Uzbekistan gba òmìnira, òfin jáde ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 1993 pé kí wọ́n padà sí Látìn. Àwọn Uzbek tó wà ní Afghanistan kò sí nínú gbogbo ìyípadà yìí. Lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n ń lò títí di òní. Bàbá àgbà lè ka Cyrillic nìkan, ọmọ ọmọ rẹ̀ a sì máa ka Látìn nílé ẹ̀kọ́. Ìbátan wọn tó ń gbé ní Afghanistan, lẹ́tà tí àwọn méjèèjì kò lè kà ló fi ń kọ èdè kan náà.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ti ara ẹni gbilẹ̀ dé ibẹ̀, Cyrillic ni gbogbo ìlú ń lò. Báìtì kan fún lẹ́tà kan ni ìlànà ìgbà náà, báìtì kan kò sì lè gbà ju ààyè 256 lọ. 128 àkọ́kọ́ ti bọ́ sọ́wọ́ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, nọ́mbà àti àwọn àmì. 128 tó kù ni gbogbo èdè yòókù ń pín, tí ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì ní tábìlì tirẹ̀. Tábìlì tí Microsoft ṣe fún Cyrillic ni Windows-1251. Cyrillic ti Uzbek ní lẹ́tà mẹ́rin tí èdè Rọ́ṣíà kò ní: Ў, Қ, Ғ àti Ҳ. Windows-1251 ní Ў nínú, nítorí pé àwọn ará Belarus náà ń lò ó. Mẹ́ta tó kù kò sí níbẹ̀ rárá. Tábìlì KOI8-R, tí àwọn oníṣẹ́ Unix fẹ́ràn, kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ẹni tó fẹ́ kọ èdè ara rẹ̀ ní láti yá lẹ́tà Rọ́ṣíà tó sún mọ́ ọn: К dípò Қ, Г dípò Ғ, Х dípò Ҳ. “Қул” ni ẹrú, “кул” sì ni eérú; nínú ìwé tí wọ́n fi lẹ́tà àyálò tẹ̀, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Àwọn kan wá dá ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n ṣe fọ́ǹtì tí wọ́n ti yọ àwòrán lẹ́tà kan tí Uzbek kò nílò kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n sì fi àwòrán Қ tàbí Ғ rọ́pò rẹ̀. Lójú ènìyàn, ìwé náà tọ́. Nínú ẹ̀rọ, nọ́mbà lẹ́tà mìíràn ló wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá ní irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ tó ṣí fáìlì náà, ìdàrúdàpọ̀ ló máa rí, kò sì sí bí ẹ̀rọ ṣe lè wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó ti tẹ ìwé Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà nígbà yẹn náà mọ irú fọ́ǹtì tí mò ń wí.

Kódà níbi tí lẹ́tà bá pé, tábìlì tí ẹ̀rọ méjì kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Orúkọ orílẹ̀-èdè náà ní Cyrillic ni “Ўзбекистон”, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló sì wà nínú Windows-1251. Ẹ fi pamọ́ pẹ̀lú tábìlì yẹn, kí ẹ wá fi tábìlì ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, Windows-1252, ṣí i, ohun tí ẹ máa kà ni “¡çáåêèñòîí”. Báìtì kan kò sọnù nínú rẹ̀, ẹ̀rọ kejì ni kò mọ tábìlì tí ó yẹ kó fi kà á.

Unicode ló gba àwọn Uzbek lọ́wọ́ ìyà Cyrillic yìí. Ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, èrò rẹ̀ sì ni pé kí gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́mbà tirẹ̀ nínú tábìlì kan ṣoṣo. Қ wà ní U+049A, Ғ ní U+0492, Ҳ ní U+04B2, Ў ní U+040E. Ní 1992, Ken Thompson àti Rob Pike ṣe UTF-8, ìlànà tó ń fi báìtì kan sí mẹ́rin tọ́jú nọ́mbà wọ̀nyí láìba àwọn fáìlì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ jẹ́. Fún ẹni tó ń kọ Cyrillic ti Uzbek, ọ̀rọ̀ kóòdù ti parí síbẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé àkókò tí ojútùú dé gan-an ni ìjọba ń pa Cyrillic tì.

Òfin 1993 kọ́kọ́ mú álífábẹ́ẹ̀tì kan wá tó ní ç, ş, ğ, ö àti ñ nínú, tó sì jọ ti Tọ́kì. Ọdún méjì kò tíì pé tí wọ́n fi pa á dà. Àtúnṣe ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 1995 yọ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí kúrò, ó fi sh, ch àti ng rọ́pò ş, ç àti ñ, ó sì sọ ö àti ğ di oʻ àti gʻ. Àǹfààní ojú ẹsẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó ní pátákó ìtẹ̀wé Gẹ̀ẹ́sì lè tẹ èdè Uzbek láìfi nǹkan kan kún un. Mo gbà pé ìpinnu yẹn ló ṣì ń da àwọn oníṣẹ́ sọ́fíwíà láàmú jù lọ nínú gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ìkọ̀wé èdè yìí. Bọ́tìnnì tí ènìyàn lè tẹ̀ ni wọ́n rò, wọn kò ro ohun tí ẹ̀rọ máa fi sínú fáìlì lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti tẹ̀ ẹ́.

Àmì tí ó tọ́ ní U+02BB nínú Unicode, èyí kan náà tí àwọn ará Hawaii ń lò fún ʻokina wọn. Lẹ́tà ni Unicode kà á sí. Àmì kejì wà tí wọ́n ń pè ní “tutuq belgisi”, tó máa ń wà nínú ọ̀rọ̀ bíi “maʼno” àti “sanʼat”; èyí kọjú sí òdìkejì, U+02BC sì ni nọ́mbà tirẹ̀. Lẹ́tà ni òun náà lójú Unicode. Ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì lórí pátákó ìtẹ̀wé tí ó wà lórí tábìlì ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Tashkent tàbí Samarkand. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ápọ́sítírófì lásán, U+0027. Ìyẹn ni àwọn ènìyàn ń tẹ̀. Àwọn mìíràn ń tẹ àmì tó wà ní igun òsì lókè, U+0060. Sọ́fíwíà ìkọ̀wé, tó rò pé òun ń ran ènìyàn lọ́wọ́, a sì máa yí ápọ́sítírófì padà sí àmì àyọlò tó ká, U+2018 tàbí U+2019. Ní ìgbà Windows-1254, tábìlì Tọ́kì tí Microsoft yàn fún Látìn ti Uzbek, U+2018 yìí ni èyí tó jọ àmì tòótọ́ jù lọ tí ènìyàn lè rí nínú tábìlì náà, ó sì di àṣà. Báyìí ni lẹ́tà kan ṣoṣo ṣe di márùn-ún nínú ẹ̀rọ. Ojú ènìyàn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹ̀rọ kò sì mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹ wo ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. “Togʻ” ni òkè, “bogʻ” ni ọgbà. Tí àmì ìparí wọn bá jẹ́ U+02BB, ẹ̀rọ gbà pé ara ọ̀rọ̀ ni. Tí ó bá jẹ́ U+2018, àmì àyọlò ni lójú ẹ̀rọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ parí sí g. Ẹni tó bá tẹ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì láti yàn án máa mú “tog” nìkan. Sọ́fíwíà tó ń yẹ àkọtọ́ wò máa fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìwádìí máa tọ́jú “tog” sínú àtòjọ rẹ̀, ẹni tó sì fi lẹ́tà tó tọ́ wá “togʻ” kò ní rí i. Láàárín ọ̀rọ̀, ìyà mìíràn ló wà níbẹ̀. Àwọn ètò kan tó ń sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ di ńlá gbà pé ọ̀rọ̀ tuntun ló bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ápọ́sítírófì, ẹ ó sì rí “O'Zbekiston” lórí fọ́ọ̀mù. Nínú SQL, èdè tí wọ́n fi ń bá ibi ìkójọ dátà sọ̀rọ̀, ápọ́sítírófì ni àmì tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn tẹ̀ sínú àṣẹ ti parí. Ọmọ tí òbí rẹ̀ sọ ní Gʻulom lè rí i pé fọ́ọ̀mù tí ẹni tó kọ ọ́ kò fara balẹ̀ máa kọ̀ láti gba orúkọ òun, tó máa ní orúkọ náà kò bófin mu.

Ní ìsàlẹ̀ ìwé ìrìnnà, ní ìlà méjì tí ẹ̀rọ ń kà ní pápákọ̀ òfurufú, ìlànà àgbáyé gba A títí dé Z, nọ́mbà, àti àmì < nìkan. Gʻulom di GULOM níbẹ̀. Ìyẹn kò sì burú tó ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù. Àtòjọ lẹ́tà GSM tí àtẹ̀jíṣẹ́ ń lò ní ápọ́sítírófì lásán nínú, kò ní U+02BB, kò sì ní àmì àyọlò tó ká. Ẹni tó bá fi lẹ́tà tó tọ́ kan ṣoṣo sínú àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní láti bọ́ sí kóòdù tó fẹ̀ jù, ààyè tó sì wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa já láti 160 sí 70. Ẹni tó bá kọ èdè rẹ̀ bó ṣe yẹ ló ń sanwó jù. Àwa náà wà nínú èyí: GSM ní à, è, é, ì, ò àti ù, nítorí àwọn ará Yúróòpù nílò wọn, ṣùgbọ́n kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Àtẹ̀jíṣẹ́ gígùn tí a kọ “Ẹ kú iṣẹ́” sí lè ná wa ju èyí tí a kọ “E ku ise” sí lọ.

Ní ti locale, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ìkọ̀wé wo. “uz” ni àmì èdè Uzbek nínú ìlànà ISO 639, UZ sì ni ti orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n méjèèjì kò tó. CLDR, àkójọ dátà locale tí ẹgbẹ́ Unicode ń tọ́jú, tó sì wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà òde òní, ní mẹ́ta fún èdè yìí: uz-Latn-UZ, uz-Cyrl-UZ, àti uz-Arab-AF fún Afghanistan. Lẹ́tà mẹ́rin tó wà láàárín ló ń sọ ìkọ̀wé. Windows ní ti Látìn pẹ̀lú nọ́mbà ìdánimọ̀ 1091 àti ti Cyrillic pẹ̀lú 2115. Lórí Linux, uz_UZ ni Látìn, uz_UZ@cyrillic sì ni Cyrillic. Kí ẹ ṣọ́ra níbí o: ẹni tó bá yan uz_UZ láìfi UTF-8 kún un, tábìlì ISO-8859-1 ti ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù àtijọ́ ni Linux máa fún un. Tábìlì yẹn kò ní U+02BB, kò tilẹ̀ ní àmì àyọlò tó ká. Orúkọ orílẹ̀-èdè náà, Oʻzbekiston, àti ti owó rẹ̀, soʻm, kò ṣeé kọ síbẹ̀ bó ṣe yẹ.

Yorùbá náà mọ ohun tó ń jẹ́ locale méjì fún èdè kan. CLDR ní yo fún Nàìjíríà, ó sì ní yo-BJ fún Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ ɛ àti ɔ dípò ẹ àti ọ, tí wọ́n sì ń kọ sh dípò ṣ. Èdè kan náà ni, ààlà ìjọba ló pín ìkọ̀wé.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ lẹ́tà ni apá locale tó gba iṣẹ́ jù. Álífábẹ́ẹ̀tì Látìn ti Uzbek ní lẹ́tà 29. A títí dé Z ló ṣáájú, láìsí C àti W tó dá dúró, lẹ́yìn náà ni Oʻ, Gʻ, Sh, Ch àti Ng. Nínú ìwé orúkọ tó tọ́, Shahnoza gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn Zuhra, nítorí Sh jẹ́ lẹ́tà tó wà lẹ́yìn Z, kì í ṣe S tí h tẹ̀ lé. Ètò tí kò mọ locale Uzbek máa tì í sí àárín àwọn S. Èyí tó burú jù ni ètò tó ń to orúkọ pẹ̀lú nọ́mbà kóòdù lásán. Nọ́mbà ápọ́sítírófì lásán jẹ́ 39, ó kéré sí ti gbogbo lẹ́tà; ti U+02BB jẹ́ 699, ó ju ti gbogbo lẹ́tà Látìn lásán lọ. Nítorí náà, Oʻktam tí wọ́n fi ápọ́sítírófì tẹ̀ máa ṣáájú Odil, Oʻktam tí wọ́n fi lẹ́tà tòótọ́ tẹ̀ sì máa wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ìwé orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tí akọ̀wé méjì tẹ̀ lórí ẹ̀rọ méjì: àwọn tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà máa wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin àwọn O.

Ní ti ọjọ́ àti nọ́mbà, kò le tó bẹ́ẹ̀. Uzbek ń fi àmì ìsopọ̀ sẹ́yìn nọ́mbà ọjọ́: “2-sentabr”. Kómà ló ń ya ìdá nọ́mbà sọ́tọ̀, ààyè òfìfo ló sì ń pín ẹgbẹẹgbẹ̀rún, nítorí náà ohun tí a ń kọ ní Nàìjíríà ní 1,234,567.89 jẹ́ 1 234 567,89 lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá gbé ìwé ìṣirò láti Èkó lọ sí Tashkent láìyí locale padà lè rí i tí 1,234 di ẹyọ kan àti díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé ní Uzbekistan. Ní ti Afghanistan, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń bẹ̀rẹ̀, kàlẹ́ńdà Páṣíà sì ni CLDR yàn fún un.

Nítorí pé ìkọ̀wé méjì ń gbé pọ̀ ní Uzbekistan, àwọn ènìyàn fẹ́ ẹ̀rọ tó máa yí Cyrillic padà sí Látìn, kó sì yí Látìn padà sí Cyrillic. Wikipedia èdè Uzbek ní irú rẹ̀: òǹkàwé lè yan èyí tó bá fẹ́. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè náà máa rò pé iṣẹ́ tábìlì lásán ni, pé kí a ṣáà fi lẹ́tà kan rọ́pò èkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Я ní Cyrillic ni ya ní Látìn, ṣùgbọ́n “сентябрь” di “sentabr”, kì í di “sentyabr”. Ц jẹ́ s nínú “sirk”, ó sì jẹ́ ts nínú “konstitutsiya”. Е jẹ́ ye ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ e lẹ́yìn kóńsónáǹtì. Ìpadàbọ̀ láti Látìn ló tún le jù. Orúkọ tó jẹ́ “Исҳоқ” ní Cyrillic ni “Isʼhoq” ní Látìn. Tutuq belgisi ló ń sọ pé s àti h kì í ṣe lẹ́tà Sh. Ẹni tó bá gbàgbé àmì náà kọ “Ishoq”, ẹ̀rọ sì máa kọ “Ишоқ”, orúkọ tí bàbá ọmọ náà kò sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni “yoʻl”, ọ̀nà, ṣe jẹ́ “йўл”. Tí àmì rẹ̀ bá sọnù, ẹ̀rọ máa ka yo ibẹ̀ sí Ё. Kò sí ohun tí ẹni tó kọ ètò ìyípadà lè ṣe sí èyí bí kò ṣe pé kó ní àtòjọ àwọn ọ̀rọ̀ tí kò tẹ̀lé òfin, kó sì máa fi kún un.

Àwọn ará Uzbekistan fúnra wọn ti rí gbogbo èyí. Ní 2019, wọ́n gbé àbá kan síwájú gbogbo ènìyàn: kí ş àti ç padà dípò sh àti ch, kí oʻ di ó, kí gʻ sì di ǵ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní nọ́mbà tirẹ̀ nínú Unicode, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ lẹ́tà gidi, kò sì sí sọ́fíwíà tó máa ṣì í mú fún àmì àyọlò. Ní 2021, ìjọba fi ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2023 ṣe òpin ètò láti gbé iṣẹ́ ìjọba bọ́ sí Látìn pátápátá. Síbẹ̀ Cyrillic kò kúrò nígboro, oʻ àti gʻ sì ni ọmọ tó ń wọ ilé ẹ̀kọ́ ṣì ń kọ́. Lójú tèmi, àbá 2019 tọ̀nà, ó sì yẹ kí ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti 1995.

Àwọn kan lè sọ pé kí Unicode ṣáà kéde pé ápọ́sítírófì àti U+02BB jẹ́ ọ̀kan náà. Kò lè ṣe é, nítorí ní èdè mìíràn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ibí ni ọ̀rọ̀ tiwa ti yàtọ̀ sí ti Uzbek. Lẹ́tà wa ọ́ kò ní nọ́mbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà ọ, U+1ECD, àti àmì òkè, U+0301, ni ẹ̀rọ ń so pọ̀. Ẹlòmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti ó kó wá fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, sí i. Ọ̀nà méjèèjì dọ́gba lójú Unicode, ìlànà kan tó ń jẹ́ NFC sì máa ń sọ wọ́n di ọ̀kan fún ẹni tó bá rántí lò ó. Fún oʻ márààrún ti Uzbek, NFC kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ń kọ sọ́fíwíà ló gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ òfin náà: tí ápọ́sítírófì tàbí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ bá tẹ̀ lé o tàbí g, kó sọ ọ́ di U+02BB, tí ó bá wà láàárín ọ̀rọ̀ níbòmíràn, kó sọ ọ́ di U+02BC, kó sì ṣọ́ra fún àyọlò tó parí sórí o tàbí g. Kó gba ohun yòówù tí ènìyàn bá tẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan ṣoṣo ni kó fi pamọ́. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń wá ọ̀rọ̀, kó tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí ohun tí ẹni náà tẹ̀ kó tó wá a. Ìlà kóòdù tí èyí ń gbà kò tó ogún. Àìmọ̀ pé ó yẹ ní ṣíṣe ni kò jẹ́ kí ó wà nínú ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù àti ìkànnì.

Àwọn tó gbọ́ èdè ló ń fi dátà sínú CLDR tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí “sentabr” àti “soʻm” wà lórí fóònù Uzbek bó ṣe yẹ. yo àti yo-BJ wà nínú àkójọ kan náà. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń kọ sọ́fíwíà ní Èkó, ní Kútọnu, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, ẹ ṣí i, ẹ ka orúkọ oṣù àti ọjọ́ tó wà níbẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe to lẹ́tà wa, kí ẹ sì dá sí àtúnṣe ohun tí kò bá tọ́.